Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀? Ìrántí Press Club Ilé-Ìwé Wa

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń kọ́ ọmọ nígbà náà, kò sí èyí tó ń jẹ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba gbà mí fún, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àátì ní lítíréṣọ̀. WAEC kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ìwé ìròyìn, tàbí kí ló dé tí rédíò fi pariwo ọ̀rọ̀ kan tó sì dákẹ́ lórí òmíràn. Síbẹ̀, kò sí ilé-ìwé girama tó ka ara rẹ̀ sí ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà náà tí kò ní Press Club. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pírínsípà á pe ìpàdé, á sì pín ẹgbẹ́ fún àwa olùkọ́ bí ẹni ń pín ẹran iléyá. Ẹni tó lè sáré gba eré ìdárayá, àwọn onísáyẹ́ǹsì gba JETS, ẹni tó bá ń gbàdúrà sókè gba ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kristi. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń gba Press Club, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Bó ṣe kàn mí nìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1991, n kò sì tíì kọ ìròyìn kankan rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tí gbogbo ilé-ìwé bá ti tò sórí ìlà ní asẹ́ńbìlì, tí wọ́n ti kọrin, tí wọ́n ti gbàdúrà, ọmọ Press Club kan á bọ́ síwájú tòun ti ìwé lọ́wọ́. Á wúkọ́ díẹ̀, á ní "Good morning, here is the news", á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn abẹ́lé, ti òkèèrè, ti eré ìdárayá àti ti inú ọgbà. Ohùn Cyril Stober ti NTA ni àwọn ọmọkùnrin máa ń gbé wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin á ṣe bíi Ruth Benamaisia. Lọ́dún tí ogun Bosnia bẹ̀rẹ̀, mo mọ ọmọ kan tó fi gbogbo òru Ọjọ́bọ̀ pe "Herzegovina" títí ìyá rẹ̀ fi bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn asẹ́ńbìlì, wọ́n á lẹ ohun tí wọ́n kà mọ́ bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ọjọ́ Ẹtì mìíràn, bí òjò kò bá fẹ́ wọlé.

Etí ni wọ́n fi ń kó ìròyìn jọ. Ọmọ tí tẹlifíṣọ̀n bá wà nílé wọn á jókòó tì í ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, á máa bẹ NEPA nínú ọkàn rẹ̀ kí wọ́n má mú iná lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó dáńtọ́ jù nínú wọn, ọmọkùnrin SS1 kan tí ilé wọn wà ní Ìtòkú, kò ní tẹlifíṣọ̀n rárá. Rédíò bàbá rẹ̀ tó ń lo bátìrì Tiger Head ló gbójú lé. Tí bátìrì bá ti ń rọ̀, á sá a sí oòrùn lórí ìgànná, kó lè rí ohùn tó máa gbé e dé òpin ìròyìn aago mẹ́rin ti Radio Nigeria. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà kọ ọ́. Kì í kọ gbólóhùn tán; á kọ orúkọ, á kọ iye, á kọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á wá fa ìlà sí ìyókù. Tó bá délé-ìwé lọ́jọ́ kejì, á tú u palẹ̀ di gbólóhùn. Níbi tí rédíò bá ti pa á léti, tí kò gbọ́ orúkọ tàbí iye, á fi àlàfo sílẹ̀, á sì fi bírò pupa yí i ká. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ọgbọ́n orí dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní ó dájú pé mínísítà ni, ó dájú pé ènìyàn ogún ló kú. Òun kì í dí i. Bí ìròyìn rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, á kù díẹ̀ káàtó bẹ́ẹ̀ dé orí bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Àlàfo. Èmi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ ní tèmi, torí pé lára ìwé rẹ̀ yẹn ni mo ti rí ohun tí mo lè kọ́ wọn.

Ohun náà kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ti ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá wà nídìí gbogbo ìròyìn, a jẹ́ pé ẹni náà lórúkọ, ó níṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì ní ibi tó dúró sí nígbà tó ń wò ó. Ìròyìn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n ní" ń padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé-ìwé ni, a tún fi kún un pé ẹni méjì tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó lè gun bọ́ọ̀dù. Wọ́n kórìíra òfin kejì yìí. Ta ni yóò rí ẹni méjì tí yóò jẹ́wọ́ fún ọmọ SS2 pé ẹran inú ọbẹ̀ ilé oúnjẹ ń dínkù?

Ìwé ìròyìn ọjọ́ wọ́n jù fún àpò wa. Ní Sápọ́n, àwọn àgbààgbà máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká láàárọ̀, wọ́n á ka iwájú, wọ́n á ka ẹ̀yìn, wọ́n á jà lórí ohun tó wà láàárín, wọn ò sì ní ra ẹyọ kan. Èmi náà ti dúró láàárín wọn rí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu géètì ilé-ìwé wa ni ilé ìkàwé wa wà gan-an, lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Àwọn fẹ́ńdọ̀ máa ń ta èyí tí kò tà fún un ní ìdì-ìdì, òun á fi dì í fún oníbàárà. Mo lọ bá a pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wò mí lókè-nílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, bẹ́ẹ bá ti máa dá a padà, ẹ kó o. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá." Àdéhùn wa nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́bọ̀ la máa ń lọ kó o, lọ́jọ́ Ajé a ó dá ìyókù padà. Àwọn ojú ewé mìíràn ti kan òróró kí wọ́n tó dọ́wọ́ wa, ìwọ á máa ka ọ̀rọ̀ Ààrẹ, àwòrán agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa là kọjá sí ọ lójú.

Lórí ilẹ̀ kíláàsì SS2A la ti ń tẹ́ wọn. A ó wá ìwé ìròyìn ọjọ́ kan náà bí márùn-ún: Daily Times, New Nigerian, Tribune, Concord, Sketch. A ó mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wà nínú gbogbo wọn, ká ní ọ̀rọ̀ owó epo tàbí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ á sì gbé rúlà. Wọ́n á wọn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ ojú ewé tó wà. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tí wọn ò bi ní nǹkan kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pẹ́ kí wọ́n tó rí, nítorí kò sí nínú ìwé. Àfi kí ènìyàn fi orí wá a. Níbi tí ìyanṣẹ́lódì wa ti jẹ́ ìwọ̀n ọwọ́ kan nínú Tribune, mo rántí pé ìwé ìjọba kan fi sí abẹ́ ìpolówó ọṣẹ.

Ibẹ̀ la ti kó dé ọ̀rọ̀ olówó ìwé. Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù dúdú. Awólọ́wọ̀ ló dá Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ìjọba àpapọ̀ ti wọnú Daily Times láti 1975. New Nigerian ń tẹ̀ ní Kàdúná. Sketch jẹ́ ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn. Alex Ibru ló ni Guardian. Concord jẹ́ ti Abíọ́lá láti 1980, wọn ò sì nílò kí n sọ ìyẹn fún wọn, torí ọmọ Gbágùrá ni, ọmọ ilé. Olùkọ́ jẹ́ọ́gíráfì kan wà lọ́dọ̀ wa tó fi páálí tọ́jú ìwé ìròyìn láti ìgbà ìjọba Ṣàgàrí, ó yá wa ní díẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó gùn ju ìwàásù lọ. Ọmọbìnrin kan ṣí Concord ìgbà yẹn, ó rí bí ìwé náà ṣe ń na Awólọ́wọ̀ lẹ́gba lójoojúmọ́. Ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. "Ma, ṣé Abíọ́lá kan náà nìyí?" Òun náà ni. Gbogbo wọn dákẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sì ní kí á mú Tribune ọjọ́ náà wá kí á wo bí tọ̀hún náà ṣe ń na Abíọ́lá. N kò tíì rí kíláàsì lítíréṣọ̀ kankan tó mú mi láyọ̀ tó ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Àǹfààní wa ni pé Abẹ́òkúta ni a wà. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé lágbègbè Aké ń kọjá lójoojúmọ́ níbi tí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá ti jáde. Ní 1859 ni Henry Townsend ti ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, Gẹ̀ẹ́sì sì wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ọdún 1867 ló parí, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Inú ìwé ìtàn, bí ẹni ń kí ènìyàn kú oríire ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè wọn lọ́wọ́ Townsend náà: ta ló ni ín, kí ló sì ń wá? Wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá kàwé ni, ó sì tún jẹ́ ẹni tó ń fi ìwé rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú ìlú àti ìjà rẹ̀ pẹ̀lú gómìnà Èkó. Ọmọ kan tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọ bínú sí mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní mo sọ̀rọ̀ sí àwọn míṣọ́nnárì. Mo ní Townsend ò ní kọ̀ kí wọ́n bi í, oníròyìn ni.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń tẹ ìwé ìròyìn tiwa. Akọ̀wé pírínsípà á yọ ríbọ́ọ̀nù kúrò nínú tàípúráítà, á sì máa gbá lẹ́tà náà tààrà mọ́ sténsìlì. Tó bá gbá a jù, inú lẹ́tà "o" á já bọ́, ihò á wà níbẹ̀. Tó bá ṣì í kọ, á fi oògùn pupa kan tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná pa á, a ó sì dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gbé e wọ ẹ̀rọ Gestetner, ọmọ kan á máa yí apá rẹ̀, yíǹkì á sì ba yúnífọ́ọ̀mù jẹ́. Nítorí ìnira yìí, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ asán sí i.

Ibi ìwé ọdọọdún yẹn ni èmi àti ọ̀gá olóòtú wa ti forí gbárí. Ọmọ SS2 ni, ó gbọ́n, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Ó wá bá mi pẹ̀lú ìtàn kan: ó ní pákó tí àwọn òbí dáwó rà fún àga kíláàsì, apá kan rẹ̀ ti di ṣẹ́ẹ̀fù nílé bọ́sà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Káfíńtà tó kan ṣẹ́ẹ̀fù náà ló sọ ọ́ fún un. Ta ni ẹnì kejì? Kò sí. Ó wá a fún gbogbo sáà náà, kò rí i. Mo ní kò ní wọ inú ìwé. Ó ní, "Ma, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni." Mo ní mo lè mọ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù kò mọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ títí tí sáà fi parí.

Lọ́jọ́ Sátidé, 12 oṣù Kẹfà 1993, ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ tí Abíọ́lá díje nínú rẹ̀, ilé-ìwé wà ní títì, Press Club sì ń ṣiṣẹ́. N kò rán wọn. Wọ́n ti pinnu láàárín ara wọn pé oníkálukú á lọ síbi ìdìbò àdúgbò rẹ̀, á dúró títí wọn ó fi ka ìbò tán, nítorí ní gbangba ni wọ́n ti kà á lọ́dún yẹn, á sì kọ iye ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ti ẹlẹ́yẹ idì. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó o wá lórí ìwé tí wọ́n já nínú nóòtù. Bí ó ti yẹ kó rí nílùú Abíọ́lá ló rí. Ọmọ kan kò kọ iye kankan, ohun tó kọ ni pé nígbà tí òun débẹ̀, wọ́n ti kà á tán, òun bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jó. A lẹ tirẹ̀ náà. NEC, àjọ elétò ìdìbò tí Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, gbé bọ́ọ̀dù síta ní Abuja tí wọ́n ń kọ èsì ìpínlẹ̀ sí, inú àwọn ọmọ sì dùn gan-an pé NEC náà ní bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ 16, NEC ní òun dáwọ́ dúró nítorí àṣẹ ilé-ẹjọ́. Wọ́n bi mí pé ṣé ilé-ẹjọ́ lè ní kí ènìyàn má ka iye tó ti wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́rú, 23 oṣù Kẹfà, wọ́n kéde pé ìjọba ológun ti fagi lé ìbò náà. Nígbà tí mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ó dà bíi pé ẹnì kan kú. Ọmọ Ìtòkú ṣí ìwé rẹ̀ fún mi. Ó kọ ọjọ́, ó kọ ohun tí wọ́n fagi lé, ó kọ orúkọ àwọn ilé-ẹjọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi. Níbi tí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i yẹ kó wà, àlàfo ni, ó fi pupa yí i ká. Ó ní, "Ma, ẹ má bínú, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀." Ẹnì kan ní bátìrì rẹ̀ ló tún kú. Ẹlòmíràn ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ààrẹ Babangida, kó yáa kọ Babangida síbẹ̀. Kò kọ ọ́.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé ọwọ́ wa la tó mọ̀ pé etí ọmọ náà kò tàn án jẹ. Lórí bébà lásán tí kò ní orí lẹ́tà ni wọ́n tẹ ìkéde náà sí. Kò ní ìbuwọ́lù, kò ní déètì. Ọ́fíìsì Igbákejì Ààrẹ Aikhomu ló ti jáde, akọ̀wé ìròyìn rẹ̀, Nduka Irabor, ló fi síta. Ẹjọ́ tuntun dé bá wa níyẹn. Àwọn ọmọ mọ Irabor lára ohun tí mo ti kọ́ wọn: òun àti Tunde Thompson ti Guardian ni ìjọba Buhari fi Decree 4 sọ sẹ́wọ̀n ní 1984 nítorí ìròyìn tí wọ́n kọ nípa àwọn aṣojú ìjọba lókè òkun. Lábẹ́ òfin yẹn, kò sí àwáwí nínú pé òótọ́ lo kọ. Mo ti fi àwọn méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ akínkanjú fún wọn. Ọmọbìnrin ọjọ́ Concord tún bi mí: "Ma, ṣé òun kan náà nìyí?" Mo ní òun náà ni, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè gbé e rù.

Ìjà tí wọ́n jà ní ọ̀sán ọjọ́ náà lórí ohun tó máa gun bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ẹtì, n kò rò pé wọ́n jà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yàrá olóòtú kankan l'Ékòó. Ọ̀gá olóòtú ní òfin ni òfin: ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹni tó sọ ọ́ kì í gun bọ́ọ̀dù wa, ì báà jẹ́ ìjọba ló ni ín. Ó wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé pákó bọ́sà ló ń bá mi sọ. Àwọn yòókù ní ìbò àwọn bàbá àwọn ni wọ́n fagi lé, báwo la ṣe máa ṣe bíi pé a ò gbọ́. Ọmọ Ìtòkú ló yanjú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àlàfo náà jẹ́ ìròyìn. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù pé bébà kan ti jáde láti ọ́fíìsì Igbákejì Ààrẹ tó ní ìbò ti di ìfagilé, pé kò sí orúkọ tàbí ìbuwọ́lù ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fa ìlà pupa sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.

Pírínsípà dúró níwájú bọ́ọ̀dù pẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ pè mí. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ọ̀gá olóòtú ló dá a lóhùn, ó fi ìwé ìròyìn méjì hàn án, ó na ìka sí ìlà tó wà. Bàbá náà ka méjèèjì. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, èmi ò tíì gba ibí kọjá lónìí o." Ó sì gba ẹ̀yìn ilé yí lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọjọ́ kejì, tí í ṣe 26, ni Babangida fúnra rẹ̀ bọ́ sórí afẹ́fẹ́ tó wá sọ ìdí tó fi fagi lé e. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Ìtòkú kọ orúkọ náà sí àlàfo rẹ̀, ó sì kọ déètì ọjọ́ tó gbọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ wa le. Ní oṣù Keje ọdún náà ni ìjọba ti Concord, Punch àti Sketch pa. Ìdì ìwé ìyá alákàrà sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Abacha gba ìjọba ní oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kẹfà 1994, wọ́n tún ti Concord àti Punch pa, Guardian tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ. Òbí kan wá bá mi nílé ní alẹ́, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i bíi ti Dele Giwa ni?" Kò sí ẹni tó gbàgbé oṣù Kẹwàá 1986, nígbà tí bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa oníròyìn náà. Mo gba ọmọ náà láyè kó máa kọ eré ìdárayá, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Àwọn ìwé bíi Tempo àti Tell ni wọ́n ń tà lábẹ́ aṣọ, fẹ́ńdọ̀ á fi Daily Times bò ó fún ọ. N kò jẹ́ kó wọ ọgbà ilé-ìwé. Àmọ́ ọmọ tó bá ti kà á nílé máa ń hàn nínú ìbéèrè rẹ̀, n kò sì lè ní kó má béèrè. Ohun tí a ṣe ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í fi BBC tí wọ́n gbọ́ nírọ̀lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Radio Nigeria, ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún, láìsọ èrò tiwa. Àwọn ọmọ JSS1 á dúró níbẹ̀, orí wọn á máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ní 1996 ni Aláròyé, ìwé ìròyìn lédè Yorùbá, jáde tó sì tà. Ìyá alákàrà, tó ti ń fi ìwé ìròyìn dì àkàrà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wa kí wọ́n wá kà á fún òun. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè tó le ju tèmi lọ. Kò bìkítà ta ló ni ìwé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ débẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Abíọ́lá kú ní àtìmọ́lé níwájú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice. Ìlú gbóná. Kíláàsì mìíràn ni àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ nígbà yẹn, àwọn ti 1993 ti jáde lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé ó kú, ibi tó kú sí, àwọn tó wà níbẹ̀. Níwájú ohun tó pa á, wọ́n kọ "ìjọba sọ pé". Olùkọ́ kan bínú, ó ní kí ni "ìjọba sọ pé" ń wá níbẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé májèlé ni. Olùkọ́ mìíràn ní ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n yé dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọmọ bi ẹni kìíní pé ta ló sọ fún un. Wọ́n bi ẹnì kejì náà. Èmi dúró lẹ́yìn, n kò dá sí i.

Mo kúrò ní ilé-ìwé yẹn kò pẹ́ sígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kà á pé láti 1982 ni àwọn UNESCO ti péjọ ní Grünwald ní Jámánì tí wọ́n ní kí ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn pẹ̀lú ojú tó là. Ọ̀rọ̀ náà dára. Kò bẹ̀ wá wò nígbà tí a nílò rẹ̀, bátìrì Tiger Head la ní. Nísinsìnyí, mo ń rí i tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wá láti Èkó kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń mọ ìròyìn irọ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ń fi àwòrán hàn wọ́n, wọ́n ń sọ áàpù tí wọ́n máa lò. Inú mi kì í dùn tó. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn kan, kó dúró síwájú ẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí ìlà, kó kà á, kí ẹnì kan láti ẹ̀yìn sì pariwo pé irọ́ ni.

Ọ̀gá olóòtú wa ń ṣiṣẹ́ rédíò l'Ékòó báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí. Kò kí mi tán tó fi ní, "Ma, mo ti rí ẹnì kejì." N kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní bọ́sà ti kú, káfíńtà ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ káfíńtà náà wà ní Láfẹ́ńwá, òun ló fi orí ru pákó náà láti ọgbà ilé-ìwé dé ilé bọ́sà, ó rántí àwọ̀ ògiri ilé náà. Mo bi í bóyá wọn ò ti sọ ọ́ fún ara wọn. Ó ní, "Ma! Òun ló gbé pákó!" Mo ní ó dáa, kó kọ ọ́ wá. Ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí a tó sọ̀rọ̀ tán, ìpínrọ̀ mẹ́rin, ó mọ́, kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n ní". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dá a padà fún un. Kò kọ déètì sí i.